Eré Tí Wọ́n Ní Kí N Bá Wọn Wò

Ó ti rẹ̀ mí kí wọ́n tó dé. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Ìkirè dé, mo na ẹsẹ̀ sórí àpótí, mo ń fi róòbù ra orúnkún, ni mo gbọ́ tí ọ̀kadà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá obìnrin ilé-ìwé girama tí ọmọ ọmọ mi ń lọ ní Àpòmù ló sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé obìnrin náà kì í gun ọ̀kadà, àfi bí wàhálà bá wà.

"Ẹ kú ìsinmi, mà," ó ní.

"Ìsinmi wo?" Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn, ṣùgbọ́n mo ní kó jókòó, mo sì bu omi fún un.

Ohun tó bá wá kì í ṣe tuntun sí mi pátápátá. Gbogbo Àpòmù ló ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, àwọn ọmọbìnrin kan ní SS1 yọ́ jáde nílé-ìwé nígbà ìsinmi ọ̀sán, wọ́n lọ sí odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko kòkó tó bá ilé-ìwé wọn pààlà. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ kan lédè òyìnbó, wọ́n ń wo inú omi. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn yọ̀ lórí òkúta, ọmọ náà ṣubú, apá rẹ̀ sì kán. Nígbà tí wọ́n bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n ń wá lódò, ó ní eré orí tẹlifíṣọ̀n kan ni àwọn ń fara wé, ṣùgbọ́n kò dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ lọ.

"Àwọn òbí ti gbaná jẹ, mà," ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún mi. "Àwọn pásítọ̀ inú wọn ní ẹ̀mí òkùnkùn ló wà nínú eré náà. Àwọn alfáà ní harámù ni. Èmi ò rí i rí kí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ló ti wò ó, kò sẹ́ni tó nawọ́."

"Ẹ wá ń wá ẹni tó máa wò ó."

"Ẹ̀yin àti Ùsítáàsì tó ń kọ́ wọn ní Lárúbáwá ni ìpàdé yàn, mà. Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ ó sọ fún wa bóyá ó yẹ àwọn ọmọ wa tàbí kò yẹ wọ́n."

Mo sọ fún un pé ó rẹ̀ mí. Mi ò fi bò. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò sí ìjà ilẹ̀, kò sí ìjà tọkọtaya, kò sí ti ọmọ tó jáwèé olódo tí wọn kì í gbé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ìyá Tíṣà ló máa mọ̀ ọ́n dá. Ẹni tí aráyé bá ti sọ pé ó gbọ́n, ìsinmi rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kúnlẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kan eruku, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Mo ní mo ti gbọ́, kó dìde.

Nígbà tó lọ, mo rí ọmọ ọmọ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Ó ti ń gbọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi àti ọmọ yìí nìkan ló ń gbélé. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Àìsàn kan tí kò pẹ́ rárá ló mú un lọ ní ọsibítù n'Ìbàdàn, a sì sin ín sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkirè-Ilé. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti wà lọ́dọ̀ mi. Kì í yọ mí lẹ́nu. Ó ń dáná, ó ń pọnmi, ó ń ka ìwé rẹ̀. Àwọn ará ilé a máa sọ pé Ọlọ́run ló fi ọmọ yìí tù mí nínú, èmi náà a sì ṣe àmín.

"Ṣé ẹ fẹ́ wò ó lóòótọ́, Màmá?" ó bi mí.

"Mo ti ṣèlérí. Ṣé o ní in?"

"Ó wà lórí fóònù mi. Mo lè so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n."

Ojú rẹ̀ kò fi ìdùnnú hàn, kò sì fi ìbànújẹ́ hàn. Mo rò pé ìtìjú ni.

Ọ̀sán la fi ń wò ó, torí pé bí oòrùn bá ti wọ̀, sólà ilé mi kò lè gbé ju iná lọ. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, tó jẹun tán, a ó ti wíńdò kí ìmọ́lẹ̀ má baà pọ̀ jù, a ó sì jókòó sórí àga gígùn. Ooru a máa mú wa. Mo ń fi abẹ́bẹ̀ ìdáná kan fẹ́ ara mi, mo ń wo àwọn ọmọ ilẹ̀ òtútù tí wọ́n wọ kóòtù nípọn.

Ìtàn ilé-ìwé kan tó wà lórí òkè ni. Òjò kì í dá níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, agbára kan á jí nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń gba inú ògiri kọjá, òmíràn ń gbọ́ ohun tó wà nínú ọkàn ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin tí eré náà dá lé lórí ní tirẹ̀ lè mú kí ojú òkú yọ nínú omi. Wọ́n ń bá ọ̀gá ilé-ìwé kan jà tó fẹ́ gba agbára wọn. Mi ò ní parọ́, ojú oorun ni mo fi wo apá kan nínú rẹ̀.

"Màmá, ẹ ń sùn."

"Mò ń gbọ́ wọn."

"Kí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe?"

"Òjò rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tó di ibi tí ọmọkùnrin kan ti fẹnu ko ọmọbìnrin kan lẹ́nu, ó sáré yí i kọjá.

"Dá a padà," mo ní.

"Hà, Màmá!"

"Dá a padà. Bí mi ò bá rí i, kí ni mo fẹ́ lọ sọ?"

Ó dá a padà, ó fi gèlè mi bo ojú ara rẹ̀ títí ó fi kọjá. Kò kúkú tó nǹkan. Mo ti rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú fíìmù tí àwa fúnra wa ń ṣe, tí gbogbo ilé ń jókòó wò pọ̀. Ohun tó bí mi nínú yàtọ̀ síyẹn. Àwọn ọmọ náà ń bá olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń parọ́ lójoojúmọ́, irọ́ náà kò sì padà wá bá wọn. Kò sẹ́ni tó ń fọṣọ, kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n mo tún rí ọmọ kan tó gba ìyà ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ láìsọ̀rọ̀. Mo rí wọn bí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n tí wọ́n sì ń lọ síbi tí ẹ̀rù náà wà. Ní ti idán wọn, mi ò rí ohun tuntun. Àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré ní iwin nínú, ó ní òkú tó ń kọrin nínú, kò sì sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Ùsítáàsì yà kí mi. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, jalamíà rẹ̀ máa ń funfun, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń kọ́ni ní Àpòmù láàárọ̀, ó ń kọ́ni ní Ìkòyí lọ́sàn-án, àwọn ọmọ kéwú sì ń dúró dè é lẹ́yìn àsárì. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n já ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Mà, kí n sọ òtítọ́ fún yín," ó ní. "Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó burú, kí n lè tètè sọ pé ó burú, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ wò ó. Nígbà tó dé ibì kan, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Kí n tó mọ̀, omi ti dé ojú èmi náà. Àsítàgífúrúlàáì."

"Ṣé ó wá yẹ wọ́n?"

Ó fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Ti idán kò bà mí lẹ́rù. Ọmọ mọ̀ pé ènìyàn kì í gba inú ògiri kọjá. Ti òkú tí wọ́n ń pè ló ń bà mí lẹ́rù. Òkú kì í dáhùn, mà. Ọmọ tí kò bá tíì gba ìyẹn gbọ́, ó lè máa dúró de ìdáhùn."

Ó kí mi, ó lọ mú mọ́tò Ìkòyí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni a dé ibi tí wọ́n ti ń pe òkú náà. Ọmọbìnrin inú eré náà lọ sídìí adágún omi kan lẹ́yìn ilé-ìwé wọn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ó fẹ́ pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ọ̀rọ̀ kan. Mo ṣèèṣì wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí ẹnu ọmọ ọmọ mi tó ń mì. Kò sí ohùn. Ó ń ka ọ̀rọ̀ náà ṣáájú ọmọbìnrin inú eré, kò sì ṣi ẹyọ kan. Ojú ìyá náà yọ nínú omi lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun kò lọ síbì kankan. Omijé ń bọ́ lójú ọmọ ọmọ mi, kò sì nù ún.

"Dá a dúró," mo ní.

Ó dá a dúró.

"Ìwọ lo kó wọn lọ sódò."

Ó gbé fóònù náà sílẹ̀. A ń gbọ́ bí àwọn tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì ṣe ń pe àwọn onímọ́tò.

"Èmi ni."

"Ta lo fẹ́ pè?"

"Mọ́mì mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí mò ń bi ní ohun tí mo ti mọ̀. "Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá a pè. Ni àwọn tó kù bá ní àwọn á bá mi dúró."

Mo ti lu ọmọ rí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì mọ bí ìbínú ṣe ń dé. Kò dé. Ohun tó dé jẹ́ àárẹ̀ kan tí kò sí nínú orúnkún tàbí ẹ̀yìn.

"Ṣé o rí nǹkan?"

"Ojú ara mi ni mo rí," ó ní. "Ibẹ̀ ni mo ti ń wò nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ṣubú."

Mo fà á mọ́ra. Ara rẹ̀ le bí igi lákọ̀ọ́kọ́. "Èmi náà kò rí i láti ọjọ́ tó ti lọ," mo sọ fún un. "Èmi ni mo bí i. Bó bá jẹ́ pé omi kan wà láyé tó lè fi í hàn mí, ṣé o rò pé màá jókòó síbí? Bí ẹsẹ̀ yìí ṣe ń dùn mí tó, màá fi rìn débẹ̀."

Ìgbà náà ni ó tó sunkún, irú èyí tí ń mi gbogbo ara. Mo jẹ́ kó sun ún. Nígbà tó rọlẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n á lé mi nílé-ìwé?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

"Ìwọ lo máa sọ. Èmi á dúró tì ọ́."

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, mo mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá ọmọ tó fapá ṣẹ́. Gààrí àti ẹ̀wà ni obìnrin náà ń tà lẹ́bàá títì ní Àpòmù. Ó borí, kọ́ńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wọn gààrí fún oníbàárà. Ọmọ ọmọ mi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú ìsọ̀, ó sì sọ ohun tó ṣe. Obìnrin náà kò dáwọ́ dúró títí tó fi di gààrí náà tán. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

"Ọmọ mi ti sọ fún mi láti ọjọ́ yẹn," ó ní. "Ó ní òun kò lè máa wo ọ̀rẹ́ òun kó máa sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́ ilé-ìwé lójoojúmọ́. Ó ní òun lòun ní kí àwọn lọ gbìyànjú ẹ̀ wò."

Mo wo ọmọ ọmọ mi. Ó tẹ orí ba. Ọmọ tí kò sunkún rí nínú ilé mi kó tó di ọ̀sẹ̀ yẹn, tí mò ń ṣe àmín lé lórí.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ nígbà tí gbogbo wọn ń pariwo?" mo bi obìnrin náà.

"Ìyá, ọmọ tí kò ní ìyá mọ́, kí ni mo tún fẹ́ kó lé e lórí?" Ó yíjú sí ọmọ. "Dìde. Apá kan kò lè fọ abọ́. Kí o máa wá ní Sátidé, kí o wá bá ọ̀rẹ́ rẹ ṣe iṣẹ́ ilé títí apá rẹ̀ á fi jinná."

"Ẹ ṣé, mà."

"Má tíì dúpẹ́. Abọ́ wa pọ̀."

Nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni ìpàdé náà ti wáyé. Àwọn fáànù wà lókè, wọn kò yí. Àwọn òbí kún ibẹ̀, olúkúlùkù ń fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ ara. Ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ dìde. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí wọ́n lé e. Ìyá ọmọ tó fapá ṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀. Ó dìde, ó ní apá ọmọ òun ló kán, òun kò fẹjọ́ sùn, ta ni ẹni tó ń gba ẹjọ́ òun rò láìjẹ́ pé òun bẹ̀ ẹ́? Àwọn tó ti dìde jókòó.

Ùsítáàsì sọ tirẹ̀. Ó kàn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ohun tí mo rí, ti ẹ̀jẹ̀, ti irọ́, ti ọmọ tó gba ìyà ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ. Bàbá kan tó jẹ́ pásítọ̀ nawọ́ sókè.

"Ẹ má bínú, mà. Ó yẹ, àbí kò yẹ? Ìyẹn la fẹ́ gbọ́."

"Kò yẹ ọmọ kékeré rárá," mo ní. "Ọmọ tó bá ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè wò ó, bí àgbà kan bá jókòó tì í."

"Àgbà wo ló ráyè?" obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn," mo ní. "Ọmọ tó wà nílé mi wo eré yìí tán kí n tó mọ̀ pé ó wà. Ẹkún tó fi wò ó ti wà nílẹ̀ kí eré ọ̀hún tó dé. Ẹ lè fòfin de eré náà. Ẹ ṣáà bi àwọn ọmọ yín pé kí ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀."

Mo jókòó. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Àwọn tó nawọ́ pé kí wọ́n fòfin dè é pọ̀ ju àwọn tó kù lọ. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ wò ó mọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé-ìwé. Wọ́n ní kí ọmọ ọmọ mi gé koríko pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì, pásítọ̀ náà sì gbàdúrà fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ṣe àmín.

Bí mo ṣe ń wá mọ́tò tó máa gbé wa padà sí Ìkirè, pásítọ̀ náà tọ̀ mí wá. Ó wò yíká kó tó sọ̀rọ̀.

"Mà, ọmọbìnrin inú eré yẹn, ṣé ó padà bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé yẹn? Ọmọ mi ọkùnrin ló ń wò ó kí n tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà."

"Kò tíì parí," mo sọ fún un. "Wọ́n ní apá kejì ń bọ̀. Ẹ lọ dá fóònù náà padà fún un, kí ẹ jókòó tì í."

Ó ní òun á gbàdúrà sí i. Mi ò mọ ohun tó padà ṣe.

Òfin náà kò pẹ́ tó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Àwọn ọmọ ṣì ń wo eré wọn, wọ́n kàn ń rọra sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀gá ilé-ìwé ti tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn, mo sọ fún un pé kó wá ẹlòmíràn, ó bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé mo dápàárá.

Ohun tó yí padà nílé mi ni pé ọmọ ń bi mí ní ìbéèrè. Kì í dúró de ìgbà tó yẹ. Mo lè máa ṣa ẹ̀wà, mo lè máa múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé Mọ́mì fẹ́ràn ẹja ju ẹran lọ? Ta ló kọ́ Mọ́mì ní irun dídì? Kí ló sọ kẹ́yìn ní ọsibítù? Àwọn ìbéèrè mìíràn ń tán mi lókun. Nígbà míì mo máa ń ní, "Ó tó, ó rẹ̀ mí," ó sì máa ń jáde síta. Kì í pẹ́ tó fi ń padà wọlé, èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dá a dúró sí.

Lánàá, ó bi mí bóyá ìyá òun máa ń bẹ̀rù òkùnkùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, títí tó fi wọ ilé ọkọ. Ó ní, "Èmi náà," ó sì lọ gbé ẹ̀wà kaná.